ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ ÀLEJÒ TÍ Ó DI ỌMỌ ILÉ

Àsọyé lórí ìtumọ̀ àti ìlò díẹ̀ nínú wọn, fún àwọn ará ìjọ ní Aiyetoro-Gbede

I. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó jẹ́ nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́, nínú ilé, ní ọjà, àti nínú ilé Ọlọ́run, tí wọn kì í ṣe ọmọ bíbí èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti bá wa gbé pẹ́ títí a fi gbàgbé pé àlejò ni wọ́n. Mo fẹ́ kí a yẹ díẹ̀ nínú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n túmọ̀ sí nílé baba wọn, àti ohun tí wọ́n túmọ̀ sí lẹ́nu wa.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ni èyí. Àwọn kan nínú ìjọ, tí wọ́n ní ìtara fún èdè wa àti fún ìgbàgbọ́ wa, ń béèrè pé kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ Hausa àti ti Lárúbáwá fi kún inú Bíbélì wa àti Ìwé Àdúrà wa. Wọ́n ní ó yẹ kí a yọ wọ́n kúrò, kí a sì fi ojúlówó ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò wọn. Ní ilẹ̀ wa yìí ìbéèrè náà gbóná ju bí ó ti gbóná ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìjẹ̀bú lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bida kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú fún ọdún púpọ̀. Yagba, Ijumu, Bunu, Owe àti Oworo, kò sí èyí tí kò jẹ nínú ìyà náà, ìlú púpọ̀ sì sá lọ sórí òkè. Ọdún 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kábà tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bida, ni àjàgà náà tó já. Ẹni tí ó bá rántí èyí lè wí pé, “Láti inú ẹ̀sìn àwọn tí ó kó wa lẹ́rú ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, kí ni wọ́n ń wá níwájú pẹpẹ wa?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

II. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ilé àti ti ọjà

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ àmì tí a fi ń dá púpọ̀ nínú àwọn àlejò wọ̀nyí mọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nínú èdè Lárúbáwá, èyí ni *al*, tí í máa ń ṣíwájú orúkọ nǹkan. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe súnmọ́ iṣẹ́ tí “náà” ń ṣe lọ́dọ̀ wa. *Basal* ni àwọn Lárúbáwá ń pe àlùbọ́sà. Bí wọ́n bá fẹ́ wí pé “àlùbọ́sà náà,” wọn a ní *al-basal*. Àwọn Hausa gba ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú orí rẹ̀, wọ́n ń wí pé *albasa*. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ahọ́n Yorùbá kò fẹ́ kí *l* àti *b* fara kan ara wọn láìsí fáwẹ̀lì láàrin, nítorí náà a fi *u* sí i, ó sì di àlùbọ́sà. Ẹni tí ó bá wí fún aya rẹ̀ pé, “Gbé àlùbọ́sà náà wá,” ti wí “náà” lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àlùbáríkà. *Al-baraka* ni ní èdè Lárúbáwá, ìbùkún ni ìtumọ̀ rẹ̀. *Albarka* ni lẹ́nu Hausa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìlò ti ń yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ní ọjà Hausa, bí owó tí a fi lọ ọlọ́jà kò bá tó, a wí pé, “Albarka.” Ó ti kọ owó náà, ṣùgbọ́n ìre ni ó fi kọ ọ́, kí oníbàárà má baà bínú lọ. Ẹni tí kò mọ ìlò yìí lè rò pé a ti gbà fún òun, kí ó sì na ọwọ́ sí ọjà. Lọ́dọ̀ tiwa, àlùbáríkà kì í kọ owó. Ìre tí ń bẹ lórí ènìyàn tàbí lórí iṣẹ́ ni, èyí tí a kò lè kà bí a ti ń ka owó.

Fìtílà ńkọ́? Ní èdè Lárúbáwá, *fatila* ni òwú tí a lọ́, èyí tí iná ń jó lẹ́nu àtùpà. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Hausa àti ọ̀dọ̀ wa, orúkọ òwú ti di orúkọ àtùpà lódindi. Àwa sì pa méjèèjì mọ́: a ń wí àtùpà, a sì ń wí fìtílà, Bíbélì wa náà sì ń lo fìtílà láìsí ìtìjú.

Wàhálà, tí ó túmọ̀ sí ìdààmú, àti àǹfààní, láti inú *amfani* àwọn Hausa, ni kí a kàn dárúkọ, nítorí kò sí ẹni tí ó ń bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ lórí sùúrù. Àwọn tí ó ti wádìí èdè wa so ó mọ́ *sabr*, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún ìfaradà. Síbẹ̀ àwọn àgbà wa ni ó wí pé sùúrù ni baba ìwà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ inú òwe, tí òwe náà sì fi í ṣe baba fún ìwà, tí ìwà sì jẹ́ ohun tí Yorùbá kà sí ẹwà ènìyàn, ta ni yóò tún pè é ní àjèjì?

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé kì í ṣe idà ni ó kọ́kọ́ gbé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá. Àwọn Mùsùlùmí ti wà ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ogun Fúlàní tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Hausa ní ọdún 1804. Òǹtàjà ni ó ń gbé àlùbọ́sà wá, olùkọ́ ni ó sì ń gbé tákàdá wá. Ohun tí ó bá orúkọ rẹ̀ dé ni a ń fi orúkọ náà pè.

III. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ilé Ọlọ́run

Nísinsin yìí ni a dé ibi tí ẹjọ́ wà.

Àlàáfíà ni èkínní. *Al-afiya* ni ní èdè Lárúbáwá: ara líle, àti ààbò kúrò lọ́wọ́ ibi. *Lafiya* ni àwọn Hausa fi ń kí ara wọn. Lẹ́nu wa ó ní ìtumọ̀ mẹ́ta. Bí a bá béèrè pé, “Ṣé àlàáfíà ni?”, ara àti ilé ni a ń béèrè. Bí a bá wí pé tọkọtaya kan ti wà ní àlàáfíà, ìjà ni a wí pé ó ti parí. Bí a bá sì wí pé ẹnì kan kú ní àlàáfíà, ọkàn rẹ̀ ni a ń sọ. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ń wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò gba ẹrù *shalom* ti àwọn Hébérù, èyí tí ó kó ara, ilé, ìlú àti ọkàn pọ̀ sí ojú kan. Ìlera kò tó, nítorí ara nìkan ni ó kàn. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kò tó, nítorí ọkàn nìkan ni ó kàn. Àlàáfíà gba gbogbo rẹ̀. Kò sì lé ìkíni tiwa jáde, nítorí “Okun” ni a ṣì fi ń kí ara wa títí di òní, òun náà ni ó sì di orúkọ tí a ń pe gbogbo wa.

Èkejì ni àdúrà. *Dua* ni lọ́dọ̀ Lárúbáwá, *addu'a* lọ́dọ̀ Hausa. Àwọn Mùsùlùmí ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ìrun ni èyí tí a ń kí ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́ pẹ̀lú ìforíbalẹ̀; àdúrà ni ẹ̀bẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀. Àwa Kristẹni mú èyí tí í ṣe ti ẹnu àti ọkàn, a sì jẹ́ kí ó gba gbogbo rẹ̀: ìyìn, ìjẹ́wọ́, ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀. Bí a bá lé e jáde, kí ni a ó fi dípò? Ẹ̀bẹ̀ kò gba ọpẹ́. Ìwúre kò gba ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì wo ohun tí èdè Yorùbá fi kún ọ̀rọ̀ náà láti inú àpò ara rẹ̀. A ń wí pé, “Mo gbàdúrà”, a sì ń wí pé, “Ọlọ́run gba àdúrà mi.” “Gbà” kan náà ni ó wà lẹ́nu ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ àti lọ́wọ́ Ẹni tí ń dáhùn. Kò sí èyí nínú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, kò sì sí i nínú ti Hausa. Nílé wa ni ó ti rí i.

Ẹ̀kẹta ni wàásù, láti inú *wa'azi* ti Hausa, tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún ìkìlọ̀ àti ìgbani-níyànjú. Oníwàásù tí ó bá mọ èyí yóò rántí pé iṣẹ́ òun kì í ṣe láti pa ìjọ lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹrin ni wòlíì, níhìn-ín ni ó sì yẹ kí a ṣọ́ra nígbà tí a bá ń bá aládùúgbò wa sọ̀rọ̀. *Wali* lọ́dọ̀ Lárúbáwá ni ẹni tí ó súnmọ́ Ọlọ́run, ọ̀rẹ́ Rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, wòlíì ni a ń pe Isaiah àti Jeremiah, àwọn tí a rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ń pe ẹni tí a rán níṣẹ́ ní ànábì. Ẹni mímọ́ lásán ni wòlíì lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà bí Kristẹni bá wí fún Mùsùlùmí pé Mose jẹ́ wòlíì ńlá, ó lè dà bí ẹni pé ó rẹ Mose sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ilé méjì ni ó ń gbé.

Ta ni ó wá mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ inú ìwé wa? Olórí wọn ni Samuel Ajayi Crowther. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ìtumọ̀ rẹ̀ ti Episteli sí àwọn ará Romu jáde ní 1850. Odindi Bíbélì sì parí ní 1884 nípasẹ̀ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó jẹ́. Ní ọdún 1821 ni ogun kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn, tí a sì mú un lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀; àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú ogun náà. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó dè é lókùn, òun ni. Síbẹ̀ nígbà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ fún àdúrà, àdúrà ni ó lò. Nígbà tí ó ń wá orúkọ fún àlùfáà inú Májẹ̀mú Láéláé, àlùfáà, tí àwọn Mùsùlùmí ń pe olùkọ́ wọn, ni ó mú. Kò béèrè ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó béèrè bóyá ìyá arúgbó tí kò mọ ìwé yóò gbọ́ ọ. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó mú Ìhìnrere dé Gbebe, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ní ọdún 1857, nítòsí ilẹ̀ wa níhìn-ín.

IV. Ohun tí ilẹ̀ Spania lè kọ́ wa

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí bá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Episteli sí àwọn ará Romu mọ Spania, ilẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ń fẹ́ láti lọ. Ní ọdún 711 ni àwọn Mùsùlùmí ré òkun kọjá láti Áfíríkà wọ ilẹ̀ náà. Ọdún 1492 ni ìlú Granada, ìlú ìkẹyìn tí ó kù lọ́wọ́ wọn, tó bọ́. Ogun ọdún wọ̀nyẹn korò. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1567, ọba Spania ṣe òfin pé kí àwọn tí ó ṣẹ́kù ní Granada má ṣe sọ èdè Lárúbáwá mọ́, ní ilé tàbí ní ìta. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé a ti gbá ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kúrò lẹ́nu wọn pátápátá.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, *azúcar* ni ará Spania ń pe ṣúgà, *aceite* ni ó ń pe òróró, *algodón* ni ó ń pe òwú, *almohada* sì ni ìrọ̀rí tí ó ń gbé orí lé. Gbogbo wọn ni ó ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá. Ẹ rí *al* níwájú wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà níwájú àlùbọ́sà wa. Ní ti *azúcar*, ọ̀rọ̀ náà ti bá ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ wa: *sukkar* ni Lárúbáwá, àwọn ará Yúróòpù gbà á, ó di *sugar* lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwa sì gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a ní ṣúgà. Àwọn tí ń sá fún ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ń fi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sínú tíì wọn láràárọ̀.

Ọ̀kan tún wà tí ó kàn wá jù. Olórí ìlú ni a ń pè ní *alcalde* ní Spania. Adájọ́ ni ó jẹ́ ní àtijọ́, láti inú *al-qadi* ti Lárúbáwá. Orúkọ Alkali kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni ìgbèríko Kábà wà títí di 1967. Alkali ti Hausa àti *alcalde* ti Spania, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan lọ sí àríwá òkun, ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù aṣálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù díẹ̀ ni *ojalá*. Bí ará Spania bá fẹ́ kí nǹkan rere ṣẹlẹ̀, a wí pé *ojalá*, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń wí pé “ì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Inú gbólóhùn Lárúbáwá kan tí ó túmọ̀ sí “bí Ọlọ́run bá fẹ́” ni ó ti wá. Onígbàgbọ́ ń wí i, aláìgbàgbọ́ náà ń wí i, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé orúkọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti jò lọ. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí àdúrà àti sí àlàáfíà lẹ́nu wa, bí a bá ń wí wọn láìro ohun tí a ń wí.

Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń sọ èdè Spania, ẹ jẹ́ kí a dé erékùṣù Kúbà. A kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ síbẹ̀ lẹ́rú nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Lucumí ni a sì ń pè wọ́n. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń sọ èdè Spania, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣì kù lẹ́nu wọn nínú orin àti nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan, Lydia Cabrera, fi kó wọn jọ sínú ìwé kan, *Anagó*, ní ọdún 1957, tí ó ń sọ ìtumọ̀ wọn fún àwọn tí ó gbọ́ èdè Spania. *Alafia* ṣì wà lẹ́nu wọn. Ẹ wo ìrìn àjò ọ̀rọ̀ kan: láti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá dé ọ̀dọ̀ Hausa, láti ọ̀dọ̀ Hausa dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, nínú ọkọ̀ ẹrú sì ré òkun dé Kúbà. Níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀rọ̀ Hausa. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n pè é, nítorí ẹnu ọmọ Yorùbá ni ó bá wá.

V. Ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a ṣọ́ lẹ́nu wa

Mo ti gbèjà àwọn àlejò wọ̀nyí tó. Ó ku ọ̀kan tí èmi kò fẹ́ gbèjà rẹ̀ pátápátá, èyí ni kèfèrí.

*Kafir* ni lọ́dọ̀ Lárúbáwá: ẹni tí ó kọ ìgbàgbọ́, ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ ni láti bo nǹkan mọ́lẹ̀. Òfin àwọn Mùsùlùmí kò gbà kí a kó Mùsùlùmí lẹ́rú. Nítorí náà nígbà ogun, ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń ya ẹni tí a lè dè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a kò gbọdọ̀ dè. Ẹni tí a bá ti pè ní kèfèrí, okùn ti dé ọrùn rẹ̀. Abẹ́ orúkọ yìí ni àwọn baba ńlá wa wà lójú àwọn tí ó kó wọn.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lo ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tí kì í ṣe Júù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe èébú. “Àwọn orílẹ̀-èdè” ni ó túmọ̀ sí. Nínú ìwé Pọ́ọ̀lù, kèfèrí ni ará Romu, kèfèrí ni ará Kọ́ríńtì, kèfèrí ni gbogbo wa tí a jókòó níhìn-ín, àti Gẹ̀ẹ́sì tí ó mú Ìhìnrere wá pẹ̀lú. Síbẹ̀, kí ni ìlò wa? A ń fi pe arákùnrin baba wa tí kò tíì ṣe ìrìbọmi. A ń fi pe ìyá tí ó bí wa. Ohun ìyanu ni pé ẹni tí ó ń fẹ́ kí a yọ àdúrà kúrò nínú ìwé nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn akónilẹ́rú ni, ẹnu rẹ̀ kì í wọ́n fún kèfèrí. Ó ń lé ọ̀rọ̀ tí kò ṣe wá ní ibi kankan. Èyí tí a fi dè wá, ó gbé e mọ́ra, ó sì ń fi de ẹlòmíràn.

VI. Ìparí

Ọ̀gbẹ́ni Alága, ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ. Èkínní, bí a bá ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ àlejò jáde, Bíbélì yóò jáde pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni. Áńgẹ́lì yóò tẹ̀lé e, Kristi náà kò ní kù. Kò sí èdè ńlá kan ní ayé tí kò gba àlejò. Èkejì, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò sí nínú ilé tí ó ti wá nìkan. Ó wà nínú ohun tí a ń fi í ṣe. A gba *dua*, a sì fún un ní “gbà” tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rere di òfìfo lẹ́nu yín bí *ojalá*, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ líle di ohun ìjà.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé àti ti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pé kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, kí ẹ má sì kọ́ wọn láti kórìíra rẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Gbede tí àwọn ìyá wọn ń sọ pẹ̀lú, nítorí ìyẹn ni ó súnmọ́ píparun ju àlàáfíà lọ. Nígbà tí ẹ bá sì délé lálẹ́ yìí, tí ẹ bá aládùúgbò yín tí kì í bá wa lọ sí ilé Ọlọ́run lójú ọ̀nà, ẹ kí i ní Okun, kí ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí ẹ sì pè é ní orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́.